Bí a ṣe ń yẹ ṣọ́ọ̀bù àwo orin wò ní Èkìtì kí a tó kọ̀wé nípa rẹ̀

Ẹni tó ń gbé Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀mùò, tó ń wá àwo jùjú tí wọ́n máa ń gbọ́ nílé wọn nígbà kan, owó ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ san kó tó fojú kan ṣọ́ọ̀bù kankan ní Adó. Tó bá ti ka ohun tí ẹ kọ, ó yẹ kó ti mọ̀ bóyá kí òun wọkọ̀ tàbí kí òun jókòó sílé. Òun ni kí ẹ máa rò nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé. Gbólóhùn bíi "ṣọ́ọ̀bù yìí dára gan-an, àwo pọ̀ níbẹ̀" kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Àwo mélòó? Irú wo? Ṣé wọ́n ṣì ń dún? Ṣé wọ́n máa jẹ́ kó gbọ́ ọ kó tó sanwó? Ìdáhùn wọ̀nyẹn ni kí ẹ mú bọ̀.

Ibi tí ẹ ti máa rí wọn

Ẹ má retí pátákó ńlá tó kọ "àwo orin" sára. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àwo nílẹ̀ ló ń ta nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn tó ń tún rédíò àti ámúpù ṣe: lẹ́yìn tábìlì wọn ni chénjà àtijọ́ (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu àwo), rédíògíráàmù àti òkìtì àwo máa ń wà. Èkejì ni àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì àti síídì lọ́jà tàbí ní gáréèjì. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó gbé sípíkà ńlá síta, tí wọ́n ń da orin sínú fóònù àti fíláàṣì fún àwọn oníbàárà. Ẹ má fi ìwọ̀n kan wọn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ń da orin sí fíláàṣì kò ṣẹ̀ bí kò bá ní chénjà.

Bí ẹ bá wà ní Adó, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti agbègbè Ọjà Ọba. Ẹ bi àwọn atún-rédíò-ṣe léèrè ju àwọn olórin lọ, torí àwọn ló mọ ilé tí wọ́n ti ń kó àwo jáde lẹ́yìn tí bàbá onílé bá ti kú. Ní àwọn ìlú tí ọjà wọn ń pé ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ẹ béèrè ọjọ́ ọjà kí ẹ tó gbéra. Ẹlòmíì wà tí kì í pàtẹ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ohun tí ẹ máa mú dání

Tọ́ọ̀ṣì kékeré tí iná rẹ̀ funfun, aṣọ rírọ̀ tí kì í bọ́ òwú, ìwé àti bíírò, rúlà 30 cm, owó wẹ́wẹ́. Ẹ mú páálí líle méjì tí fífẹ̀ àti gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 33 cm, pẹ̀lú okùn: àwo ẹ̀lípíì (àwo ńlá tí orin púpọ̀ wà lójú rẹ̀ méjèèjì) tí ẹ bá rà, àárín méjèèjì ni kó wà tó bá fẹ́ gun ọ̀kadà. Nínú ọ̀rá lásán, etí rẹ̀ á kán tàbí kó tẹ̀ kí ẹ tó délé.

Wíwọlé

Ẹ má lọ ní kùtùkùtù. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà gbà pé ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé ló ń sọ bí ọjà ọjọ́ náà yóò ṣe rí, ẹni tó bá wá tú gbogbo àwo síta ní aago mẹ́jọ láìra ohunkóhun kò ní rí ojú rere. Ẹ jẹ́ kó tó aago mọ́kànlá. Ẹ kí i dáadáa: "Ẹ kú ọjà o, bàbá," tàbí "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n." Bí ẹ bá gbọ́ Èkìtì, "Ẹ kú ùṣẹ́ o" máa ń tètè ṣílẹ̀kùn ju Yorùbá ìwé lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá láìfi pamọ́: pé ẹ fẹ́ wo àwo, pé ẹ ó sì kọ̀wé nípa ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ ra nǹkan kan, ó kéré tán, kí ẹ sì san owó rẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ta yín lọ́rẹ, ẹ kọ ọ́ sínú àgbéyẹ̀wò yín pé ó ta yín lọ́rẹ.

Yíyẹ àwo wò

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ̀wé ti ń kùnà, torí páálí tí wọ́n fi àwo sínú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Páálí lè rẹwà kí àwo inú rẹ̀ ti kú. Páálí tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀ náà sì lè ní àwo tó ń dán bíi dígí nínú.

Ẹ má mú àwo tó wà lókè òkìtì, àwọn tó dára jù ni ọlọ́jà ń kó síbẹ̀. Ẹ fa 10 yọ láti ibi tó yàtọ̀ síra, àárín, ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn. Àwọn 10 yìí ló máa sọ fún òǹkàwé bí gbogbo ọjà ṣe rí.

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì yọ àwo, kí àtàǹpàkò wà létí, kí ìka yòókù gbé lébẹ́ẹ̀lì àárín ró. Ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Òróró ara ni eruku ń lẹ̀ mọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wá tààrà láti òkè máa ń fi ọgbẹ́ pamọ́. Ọgbẹ́ tó dábùú ilà àwo máa ń ta "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí àwo bá yí po. Èyí tó bá ń bá ilà rìn ló burú jù, torí òun ló ń mú kí abẹ́rẹ́ fò tàbí kí àwo há, kó máa pe ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá. Ẹ fi èékánná kan án fẹ́rẹ́. Bí èékánná kò bá mọ̀ ọ́n lára, ó ṣeé ṣe kí etí náà má gbọ́ ọ. Bí èékánná bá kọ́ ọ, ẹ ó gbọ́ ọ dájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ó ṣe ń dán. Àwo tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ tó ti jẹ tán lù fún ọdún púpọ̀ máa ń ṣú bí eérú. Ẹ fi aṣọ nu igun kékeré kan, kí aṣọ máa tẹ̀ lé ilà bó ṣe yí po, kó má dábùú rẹ̀. Bí dídán bá padà, eruku ni. Bí kò bá padà, ara àwo ló ti jẹ, kò sì sí ọṣẹ tó lè dá a padà. Ẹ wo etí ihò àárín pẹ̀lú. Bí àmì tẹ́ẹ́rẹ́ bá pọ̀ yí i ká lórí lébẹ́ẹ̀lì, àwo yẹn ti gorí chénjà láìmọye ìgbà, níbi tí wọ́n ti ń fojú wá ọ̀pá àárín nínú òkùnkùn.

Ẹ gbé àwo lé gíláàsì tábìlì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú yín fi bá a dọ́gba. Bí etí rẹ̀ bá gbé sókè ju 3 mm lọ, ó ti wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ooru ló ń fà á. Ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ páànù lásán ló bò ó, tí kò sí sílìn, tí wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ àwo ti ògiri láìṣe ṣánṣán, kò sí bí àwo rẹ̀ kò ṣe ní wọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọjà: ṣé wọ́n dúró ṣánṣán bí ìwé lórí pẹpẹ ni, àbí wọ́n tò wọ́n léra, ṣé oòrùn ń kàn wọ́n, ṣé wọ́n gbé wọn kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ọ̀rinrin òjò àti ikán ń gbà wọlé.

Kí ẹ tó dá àwo padà, ẹ ka nọ́ńbà. Àwo tí kì í ṣe ti páálí rẹ̀ pọ̀ lọ́jà ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí níbi àríyá ni wọ́n ti ń pààrọ̀ wọn. Nọ́ńbà ẹ̀yìn páálí gbọ́dọ̀ bá ti lébẹ́ẹ̀lì mu. Ẹ sì tún máa ń rí i tí wọ́n fín in sójú dídán tó wà láàárín ilà ìkẹyìn àti lébẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà iwájú nọ́ńbà ń sọ ilé-iṣẹ́: WAPS jẹ́ ti Decca West Africa, POLP jẹ́ ti Polydor ní Nàìjíríà, SALPS jẹ́ ti Sunny Alade Records.

Mímọ ọjọ́ orí àwo tí kò kọ ọdún sára

Ọ̀pọ̀ àwo wa kò kọ ọdún, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àti oyè ń tú àṣírí. Bí páálí olórin Èkìtì bá kọ "Western Region", ó ti wà ṣáájú 1967. "Western State" jẹ́ láti 1967 sí 1976. "Ondo State" bẹ̀rẹ̀ ní 1976, a sì wà nínú rẹ̀ títí di 1 October 1996 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Nítorí náà àwo Elémùrẹ́ Ògúnyẹmí tàbí ti olórin Èkìtì mìíràn tó kọ "Ondo State" kì í ṣe àṣìṣe, ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmì owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí, bó bá jẹ́ ṣílè, a ti lẹ̀ ẹ́ kí náírà tó dé ní January 1973. I.K. Dairo, olórin jùjú, gba oyè M.B.E. ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, páálí tó bá kọ ọ́ sẹ́yìn orúkọ rẹ̀ kò lè ṣáájú ọdún náà. Bí ẹ bá sì rí àwo ọdún 1970s tó ní ilà dúdú dúdú tí ẹ̀rọ ń kà lẹ́yìn páálí, àtúntẹ̀ ni. Kì í ṣe ayédèrú dandan, torí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń tún àwo Nàìjíríà tẹ̀ lọ́nà tó tọ́, àmọ́ kò yẹ kí ọlọ́jà pè é ní ojúlówó ìgbà náà.

Gbígbọ́ rẹ̀

Ẹ ní kí wọ́n lù ú. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ta àwo tí kò sì ní ohun tí yóò fi lù ú fún oníbàárà, ẹ kọ ọ́ sí orí àgbéyẹ̀wò yín ní kedere. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀mùò nìyẹn.

Kí àwo tó gorí chénjà, ẹ yẹ chénjà wò. Ẹ fi bébà kékeré sí etí ibi tí àwo ń jókòó lé, kí ẹ fi aago fóònù kà á. Ní 33⅓ (iye ìgbà tí ẹ̀lípíì ń yí po ní ìṣẹ́jú kan), ó gbọ́dọ̀ yí po ní ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 18. Bó bá jẹ́ 19 tàbí 20, ohùn á wúwo, akọrin á máa kọrin bí ẹni tí oorun ń kùn; bó bá jẹ́ 17, ohùn á tínrín. Bí iná bá lọ tí wọ́n ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó dá àwo lẹ́bi. Mọ́tọ̀ ọ̀pọ̀ chénjà àtijọ́ ń bá iná 50 Hz rìn. Bí ẹnì kan bá ki àyọ́ọ̀nù bọ iná lẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹnẹrétọ̀ á rọ̀, mọ́tọ̀ náà á sì rọ̀, gìtá á wá máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ẹ dúró kí iná padà dé, tàbí kí wọ́n lo ínfátà tó dára, kí ẹ tún un gbọ́.

Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Bí ọlọ́jà kò bá rántí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi lu àwo tí ẹ fẹ́ gbé lọ sílé tán látòkè délẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ ń gbẹ́ ara àwo ni. Àwo 78 àtijọ́, èyí tó ń yí po ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tiẹ̀ tún léwu jù: ilà rẹ̀ fẹ̀ ju ti ẹ̀lípíì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Bó bá bọ́ sílẹ̀, ó fọ́. Bí ẹ bá fi ọtí tàbí sípírítì nù ún, ojú rẹ̀ á yọ́.

Ibi mẹ́ta ni ẹ ó gbọ́. Ojú kan àwo jùjú ọdún 1970s sábà máa ń jẹ́ orin tó so kọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí àlàfo tí ẹ lè fi ojú wá. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ sí 1 cm láti etí, sí àárín, lẹ́yìn náà sí 1 cm kó tó kan ibi tí ilà parí. Ibi ìkẹyìn yìí ni òtítọ́ wà. Yíyípo kan létí àwo gùn tó nǹkan bí 90 cm. Nítòsí lébẹ́ẹ̀lì kò ju nǹkan bí 40 cm lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá 1.8 kan náà ni méjèèjì ń gbà. Orin fún pọ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí ohùn obìnrin tó ń gberin bá ń họ "ṣà ṣà" níbẹ̀ tó sì mọ́ ní etí àwo, ẹ kọ ọ́ pé inú àwo ti jẹ. Bí ohun kan bá ń ta ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 1.8, ọgbẹ́ kan ṣoṣo ni, kì í ṣe gbogbo àwo.

Lẹ́yìn gbígbọ́, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 10 náà ní ipò. Àwọn tó ń ra àwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ NM, VG+, VG, G àti P, láti èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun dé èyí tó ti kú. Ẹ lè lò ó, àmọ́ ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀: "VG: ó ń ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò fò, ó ṣeé gbádùn."

Kásẹ́ẹ̀tì

Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ Èkìtì àti orin ìjọ àdúgbò tó jáde ní àwọn ọdún 1980s àti 1990s kò dé orí ohun mìíràn, ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ọlọ́jà lè jẹ́ ìkan ṣoṣo tó kù ní àdúgbò náà. Nítorí náà ẹ fi sùúrù wò ó.

Ẹ wo ojú fèrèsé rẹ̀: téépù gbọ́dọ̀ tẹ́jú dáadáa, kó má ní funfun bíi ìyẹ̀fun létí. Funfun yẹn, ẹbu ọ̀rinrin ni. Bí wọ́n bá fi sí ẹ̀rọ, á ran kásẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo fóòmù kékeré tó wà ní àárín ẹnu rẹ̀ níbi tí téépù ti ń kọjá. Òun ló ń ti téépù mọ́ orí ẹ̀rọ. Bó bá ti já bọ́, ohùn á jìnnà, á máa wọlé máa jáde, ẹni tí kò mọ̀ á sì sọ pé téépù ti bàjẹ́. Ó ṣeé fi ti kásẹ́ẹ̀tì mìíràn rọ́pò. Ẹ tún wo etí òkè: kásẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ kì í ní eyín kékeré méjì tó máa ń gba ìgbohùnsílẹ̀ láyè. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n fi sẹ́lótéépù dí ihò náà, ẹnì kan ti lè gba nǹkan mìíràn sórí orin yẹn. Ẹ gbọ́ ojú méjèèjì.

Kásẹ́ẹ̀tì tó ti jókòó fún ọdún pípẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi bíírò onígun mẹ́fà yí i díẹ̀ kó lè tú, kí ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀rọ sáré rẹ̀ lọ dé òpin kí ó sì sáré rẹ̀ padà, kí ẹ tó gbọ́ ọ. Àìṣe èyí ni ẹ̀rọ fi ń jẹ téépù.

Síídì àti fíláàṣì

Díẹ̀ ni ti ibí yìí. Ẹ gbé síídì sókè síbi iná: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ gba àwọn ojú ihò tíntìntín, awọ dídán bíi fàdákà tó wà nínú rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹ ṣọ́ ojú tí àwòrán wà ju ìsàlẹ̀ lọ, torí abẹ́ àwòrán gan-an ni awọ dídán yẹn wà. Síídì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ àlùkò, àdàkọ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́.

Fún orin tí wọ́n dà sí fíláàṣì, ẹ wo bí fáìlì ṣe tóbi tó. Orin ìṣẹ́jú 4 tó jẹ́ 128 kbps (ìwọ̀n dátà tí orin ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tó nǹkan bí 4 MB; èyí tó jẹ́ 320 kbps á sún mọ́ 10 MB. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 4 MB, ẹ kọ ọ́. Ẹ béèrè bóyá olórin ló fún wọn láṣẹ, kí ẹ sì kọ ìdáhùn tí wọ́n fún yín. Òfin àdàkọ Nàìjíríà kò fàyè gba títa orin oní-nǹkan láìgbàṣẹ, òǹkàwé sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí owó òun ń lọ.

Kíka ọjà àti bíbéèrè iye

Ẹ má ṣe méfò iye àwo. Ẹ fi rúlà wọn 10 cm lára àwọn tó dúró ṣánṣán, kí ẹ ka àwo tó wà nínú rẹ̀, ó máa ń tó 25 sí 30, kí ẹ wá fi ìyẹn ṣírò gbogbo gígùn pẹpẹ. Ẹ béèrè iye àwo mẹ́ta tó yàtọ̀ síra: èyí tó wọ́pọ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n, èyí tí páálí rẹ̀ ti ya. Ẹ kọ iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè àti iye tí ẹ ná an dé, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ lọ, nítorí iye oṣù tó kọjá kì í ṣe iye òní.

Ẹ dán ìmọ̀ ọlọ́jà wò láìfi ṣe ìdánwò. Ẹ dárúkọ olórin kan, kí ẹ ní, "Bàbá, kí ni ẹ ní tó jọ tirẹ̀?" Ẹni tó bá dìde láìwo ìwé, tó fa àwo kan yọ nísàlẹ̀ òkìtì, tó sì sọ ẹni tó ń lu ìyá ìlù nínú rẹ̀, ẹ fi ìlà tó pọ̀ kọ nípa rẹ̀. Òkìtì àwo tó tóbi jù lọ láìsí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù lásán ni.

Kíkọ ọ́

Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ lásán àti ọjọ́ ọjà, kí ẹ tó kọ ọ́. Bí ẹ bá rí àbùkù, ẹ sọ ọ́ fún ọlọ́jà ní ojúkojú kí ẹ tó gbé e síta. Ó lè jẹ́ pé iná ló bà á jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Àpẹẹrẹ ìpínrọ̀ tó ṣiṣẹ́ nìyí, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù kan pàtó:

"Àwo ẹ̀lípíì tó nǹkan bí 300, jùjú ló pọ̀ jù, àpàlà díẹ̀, ti Òyìnbó nǹkan bí 40. Wọ́n dúró ṣánṣán, sílìn wà. Nínú 10 tí a fà yọ, 6 ń dún dáadáa, 2 ń ta, 1 ti wọ́, 1 kì í ṣe ti páálí rẹ̀. Chénjà wà, ó yí po ní ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 18, wọ́n jẹ́ ká gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì, ẹ ní láti béèrè. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ pè kí ẹ tó wá bí ẹ bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn."

Ẹ fi àmì ilẹ̀ ṣàpèjúwe ọ̀nà: ìkóríta wo, ilé wo ló kọjú sí, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tàbí ìsàlẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù kò bá sí lórí Google Maps, ẹ fi í síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ gan-an, kí àmì má lọ jókòó sí òdìkejì títì. Nọ́ńbà fóònù ọlọ́jà kò gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ padà lọ tàbí kí ẹ pè é. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ti kó lọ, ẹ má pa àgbéyẹ̀wò náà rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ mọ̀ pé ó ti kó lọ sí orí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìkóríta tuntun náà sí i.